Ibi Tí Màlúù Ti Ń Yá Wàrà

   Ọ̀rọ̀ màlúù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ti ẹni tí ń sin màlúù nìkan ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mu wàrà rí ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Òkòtà ni mo ń gbé, ní apá Ìsọlọ̀ ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé kò sí pápá níbẹ̀ mọ́. Ilé gba ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ sì gba ojú ọ̀nà. Síbẹ̀ wàrà kò wọ́n láàrin wa. Ó wà nínú agolo ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó wà nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé ń fi eyín ya, ẹ ó sì máa rí ẹni tí ó ru igbá wàrà dídì, tí ń kiri rẹ̀ lójú pópó. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: orúkọ kan náà ni a fi ń pe omi funfun tí a fún láti ọmú màlúù, àti èyí tí a fi ewé bomubomu mú dì tí a ń dín jẹ. Lónìí, bí mo bá ti pe wàrà, omi funfun náà ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ̀yin ọmọdé, ìbéèrè kan rèé. Bí ìyá kan kò bá rí oúnjẹ jẹ yó, tí ọmọ rẹ̀ sì ń mu ọmú láàárọ̀ lálẹ́, níbo ni ohun tí ọmọ náà ń mu ti ń wá? Ẹ má dáhùn kíákíá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan.

Ọkùnrin kan wà tí ó kọ́ mi ní ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é lónìí. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó mú nínú owó tí wọ́n san fún un, ó fi ra abo màlúù méjì. Bàbá wọn jẹ́ irú ti òkè òkun tí a mọ̀ fún wàrà púpọ̀, ìyá wọn sì jẹ́ irú ti àwọn Fúlàní ilẹ̀ wa. Ó kọ́ ilé fún wọn sí orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Àwọn màlúù méjèèjì ti lóyún nígbà tí ó rà wọ́n, inú Bàbá sì dùn gidigidi.

Bàbá Tíṣà tọ́jú wọn bí ẹni ń tọ́jú ọmọ. Ó ń ra èérí ọkà fún wọn. Ó ń ra búrẹ́dì tí ó ti gbẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì. Ó ń sá èèpo gbágùúdá sóòrùn fún wọn. Wọn kò fún wàrà kankan lára wọn nígbà náà, nítorí náà ohun gbogbo tí wọ́n ń jẹ, ara wọn ló ń gbà á. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn wọn fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ẹ kò lè rí eegun ìhà wọn kan ṣoṣo. Àwọn tí ń kọjá a máa ki Bàbá pé, “Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú o. Àwọn màlúù yín yìí mà sanra o!”

Fúlàní àgbàlagbà kan wà tí gáà rẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó yà, ó fi ọwọ́ kan ìdí ìrù ọ̀kan nínú wọn, ó mi orí. Ó ní, “Bàbá, sísan yìí pọ̀ jù. Màlúù tí ó fẹ́ bí kì í sanra báyìí.” Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìlara ni.

Màlúù kìíní bí. Ọmọ rẹ̀ le koko, wàrà sì ń ya bí omi ẹ̀rọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń fún Bàbá ní lítà 14 lójúmọ́. Bàbá ti ń ṣírò iye tí yóò fi tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, màlúù náà kọ èérí. Ó kàn ń ṣa koríko gbígbẹ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ń rù lójú wa, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Èémí rẹ̀ sì ń rùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn ohun tí ó jẹrà. Òórùn dídùn kan ni, bí ti èso tí ó pọ́n kọjá ààlà, tàbí bí ti omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́.

Àwọn kan ní ojú burúkú ni wọ́n fi wò ó. Àwọn kan ní ẹni tí ń jowú ló fún un ní májèlé. Ẹnìkan gba Bàbá nímọ̀ràn pé kí ó dín oúnjẹ rẹ̀ kù, pé inú ló kún un. Bàbá sì dín in kù. Ní ọjọ́ karùn-ún, màlúù náà dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ìgbà tí ó kú tán ni dókítà ẹran tó dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó bá a kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó gba ààyè láti la ikùn màlúù náà. Ó yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa ti rí ẹ̀dọ̀ màlúù lórí àtẹ alápatà, a mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú. Èyí kò pọ́n. Ó wú, àwọ̀ rẹ̀ ràn bí ìyeyè, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, ó ń fi ọ̀rá yọ́ ni lọ́wọ́. Dókítà gé ẹyọ kékeré kan níbẹ̀, ó jù ú sínú garawa omi. Ẹ̀dọ̀ tí ó dára a máa rì sí ìsàlẹ̀ omi. Èyí léfòó.

Dókítà ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ebi ló pa á.”

Bàbá Tíṣà wò ó títí. Ó ní, “Ebi kẹ̀? Màlúù tí ó sanra tó báyìí?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè Bàbá Tíṣà yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Báwo ni ebi ṣe ń pa ẹran tí ó sanra?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Àpò mẹ́rin ló wà nínú ikùn màlúù. Èyí tí ó tóbi jù ni a ń pè ní ṣàkì nínú ọbẹ̀. Lára màlúù ńlá, ṣàkì lè gba ju lítà 100 lọ. Inú rẹ̀ kún fún àwọn ohun alààyè wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ni wọ́n ń bá màlúù sọ koríko di oúnjẹ, nítorí màlúù fúnra rẹ̀ kò ní agbára láti da koríko. Ó ń já koríko, ó ń gbé e mì, ó ń pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu láti jẹ ẹ́ ní àpọ̀jẹ, àwọn ohun wẹ́wẹ́ wọ̀nyí sì ń mú un kan. Ohun tí ó ń jáde láti inú kíkan yìí ni àwọn ásíìdì mẹ́ta tí ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni oúnjẹ màlúù gan-an.

Bí ènìyàn bá jẹ iyán, iyán náà yóò di ṣúgà nínú ìfun rẹ̀, ṣúgà náà yóò sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ti màlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ ohun tí ó ní ṣúgà, àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú ṣàkì ti jẹ ẹ́ kí ó tó kọjá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Nítorí náà ẹ̀dọ̀ màlúù ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣúgà tí ara nílò. Ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì mẹ́ta náà, èyí tí ń jẹ́ propionic, ni ó fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá wọ ṣàkì, ásíìdì yìí kò ní sí. Bí kò bá sí, ẹ̀dọ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi ṣe ṣúgà tó.

Wàrà sì rèé, kò ṣeé ṣe láìsí ṣúgà. Ẹ tọ́ wàrà tútù wò, ẹ ó rí i pé ó dùn díẹ̀ lẹ́nu. Nǹkan bí gíráàmù 48 ṣúgà ló wà nínú lítà kan. Lítà 14 tí màlúù Bàbá Tíṣà ń fún wa lójúmọ́, ó ju ìlàjì kílò ṣúgà lọ, láti inú ẹran tí kò rí ṣúgà gbà lọ́wọ́ ṣàkì rẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù. Agbára tí ó wà nínú lítà kan wàrà màlúù tó nǹkan bí kálórì 700, irú kálórì tí a fi ń díwọ̀n oúnjẹ ènìyàn. Lítà 14 yóò jẹ́ 9,800. Ká sọ pé màlúù náà tún nílò nǹkan bí 7,000 láti fi mí, láti fi dúró, láti fi rìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16,800. Bí ohun tí ó rí jẹ bá jẹ́ 12,000 péré, ó ti jẹ gbèsè tí ó tó 4,800 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ta ni yóò san án?

Ara rẹ̀ ni yóò san án. Ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ, tí ó wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín, owó tí a tọ́jú sínú kólò ni. Kílò kan ọ̀rá ní agbára tí ó tó kálórì 9,000. Fún gbèsè 4,800, màlúù yóò sọ ohun tí ó ju ìlàjì kílò ọ̀rá ara rẹ̀ nù lójúmọ́. Láàrin oṣù kan, ó ti ná kílò 16. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bi yín ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọdé. Wàrà tí kò ti inú koríko wá, láti ẹ̀yìn ìyá ni ó ti ń wá. Màlúù ń yá a lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni.

Gbèsè yìí kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Gbogbo màlúù tí ó ń fún ni ní wàrà púpọ̀ ló ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ìdí rẹ̀ ni pé wàrà a máa dé góńgó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ oúnjẹ kì í dé góńgó títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tàbí ìkejìlá. Àwọn ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní họ́mọ̀nù a sì máa bá a ṣe é. Èyí tí ń pa á láṣẹ pé kí ara tọ́jú ọ̀rá pamọ́, èyíinì insulin, a dín kù. Èyí tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀rá pé kó jáde, a pọ̀ sí i. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, kí ọmọ má bàa kú bí oúnjẹ ìyá kò bá tó. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbèsè bá pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ.

Bí ọ̀rá bá yọ́ kúrò lẹ́yìn, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ọmú láti di ọ̀rá inú wàrà. Púpọ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Èkíní, ẹ̀dọ̀ lè dá iná sí i pátápátá kí ó fi rí agbára. Èkejì, bí ó bá pọ̀ jù, ó lè jó o dé ìdajì, bí igi tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ṣe ń jó tí ó sì ń rú èéfín. Èéfín yìí ni a ń pè ní kítóònù. Ọkàn àti iṣan lè lo díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ lápọ̀jù, yóò pa ìfẹ́ oúnjẹ. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni asítóònù, òun gan-an ni ó ń rùn lẹ́nu màlúù náà, òun kan náà ni a sì ń fi pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀dọ̀ lè di ọ̀rá náà padà, kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àwọn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ kò yára láti kó ọ̀rá jáde bó bá ti wọlé tán. Bó ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kún, títí tí ẹ̀dọ̀ yóò fi léfòó lórí omi.

Ẹ ó béèrè pé, bí ọ̀rá bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí ẹ̀dọ̀ kò fi sọ ọ́ di ṣúgà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti takókó. Ọ̀rá lè di iná, ó sì lè di ọ̀rá inú wàrà, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìwọ̀nba kékeré, ara màlúù kò lè sọ ọ́ di ṣúgà. Ó dà bí ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ ní abúlé tí kò sì ní owó ọkọ̀ lápò. Ó lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọ ọkọ̀. Bí ebi ṣe ń pa ẹran tí ó sanra nìyẹn.

Kí ló wá dé tí sísan jẹ́ ewu? Ẹran tí ó sanra jù kì í jẹun dáadáa lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ó sì yára ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ dín kù, ọ̀rá pọ̀ sí i, kítóònù pọ̀ sí i, kítóònù tún wá lé oúnjẹ sẹ́yìn. Fúlàní àgbàlagbà yẹn kò kà ìwé kan nípa ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tí ó fi kan ìdí ìrù ti sọ òtítọ́ fún un. Bàbá Tíṣà gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì lọ bẹ ọkùnrin náà ní gáà rẹ̀.

Màlúù kejì ńkọ́? Ó ku oṣù kan kí ó bí. Bàbá fẹ́ fi ebi tẹ́ ẹ kó lè rù. Dókítà ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá fi ebi pa á nísinsìnyí, ọ̀rá yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ kí ó tó bí.” Wọ́n yọ búrẹ́dì kúrò, wọ́n fi koríko tí ó dára sílẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó bí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní èérí díẹ̀díẹ̀ kí ṣàkì lè mọ̀ ọ́n lára. Ó bí. Ní ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Tíṣà gbóòórùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Kò dúró de ọ̀la. Dókítà dé, ó fa omi ṣúgà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì fi oògùn olómi kan tí ń jẹ́ propylene glycol sílẹ̀ láti máa dà sí i lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan. Omi dídùn ni, ẹ̀dọ̀ sì lè sọ ọ́ di ṣúgà. Màlúù náà yè. Wàrà rẹ̀ kò pọ̀ tó ti èyí àkọ́kọ́, ó sì ju ọdún kan lọ kí ó tó tún lóyún, nítorí ara tí ó jẹ gbèsè kì í tètè rántí akọ. Ṣùgbọ́n ó yè, ọmọ rẹ̀ náà sì yè.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Íńdíà àti Pakísítánì, púpọ̀ nínú wàrà tí àwọn ènìyàn ń mu kì í ṣe ti màlúù. Láti ara irú ẹfọ̀n kan tí wọ́n ń sìn nílé ni ó ti ń wá. Ẹ má rò pé ẹfọ̀n igbó tí àwọn ọdẹ wa ń bẹ̀rù ni o. Ti wa kò gba kí a sin òun rí. Ti wọn jẹ́ ẹ̀yà mìíràn tí ó fẹ́ràn láti rì sínú omi, tí ọmọdé sì lè gùn lẹ́yìn. Àwọn ará Íjíbítì ń sìn ín, àwọn ará Ítálì náà sì ń fi wàrà rẹ̀ ṣe wàrà dídì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Wàrà ẹfọ̀n yìí ki. Ọ̀rá inú rẹ̀ tó ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti màlúù jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Nítorí náà, lítà kọ̀ọ̀kan tí ẹfọ̀n fún ni wọn ju lítà màlúù lọ lára rẹ̀. Àwọn tí ń sìn ín mọ ebi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé ní Òkòtà, ní Ìsọlọ̀, ní Oṣòdì, ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ewúrẹ́ tí ó lóyún ìbejì tàbí ìbẹ́ta lè kó sí irú gbèsè yìí kí ó tó bí, nítorí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń gba ṣúgà, wọ́n sì ti fún ṣàkì rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ó bá dẹ́kun oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ má ṣe sọ pé oyún ló ń ṣe é. Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa màlúù funfun àwọn Fúlàní, èyí tí ó ní iké lẹ́yìn àti ìwo gígùn. Wàrà rẹ̀ kò pọ̀: púpọ̀ nínú wọn kì í fún ni ju lítà díẹ̀ lọ lójúmọ́, ọmọ rẹ̀ sì ní ìpín níbẹ̀. Àwọn kan ń fi èyí bú u. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ara rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí koríko gbẹ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, màlúù funfun a dín wàrà rẹ̀ kù kí ó má bàa pa ara rẹ̀. Màlúù òkè òkun tí a ti ṣà fún wàrà láti ìran dé ìran kò mọ ìyẹn. Bí ó ti wù kí ebi pa á tó, yóò máa fún ni, yóò máa fa ti ẹ̀yìn rẹ̀ tà. Ọ̀làwọ́ tí kò mọ ìwọ̀n ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan orílẹ̀-èdè wa nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá wàrà púpọ̀. Láti ọdún 1924 ni ibùdó ìwádìí nípa ẹran ti wà ní Vom, lẹ́bàá Jos. Ní Shika, lẹ́bàá Zaria, àwọn olùwádìí ti fi akọ irú ti òkè òkun bá màlúù funfun wa lò, àwọn ọmọ wọn sì fún ni ní wàrà ju ìyá wọn lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní apá Ìsẹ́yìn àti Fáṣọlá, láti nǹkan bí ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ wàrà ńlá kan tí ó wà ní Èkó ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin dí ọ̀nà owó ilẹ̀ òkèèrè tí a fi ń ra wàrà wọlé, ó sì yọ̀ǹda fún ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré, kí a lè kọjú sí ti ilé. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra màlúù oníwàrà púpọ̀ kí ó tó gbin koríko, gbèsè ló rà. A ń ka lítà, a gbàgbé láti ka koríko.

Kí ni kí a ṣe? Ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ tọ́jú koríko ìgbà òjò, ẹ gé e kí ó tó gbó, ẹ sá a, ẹ kó o jọ de ẹ̀ẹ̀rùn. Èèpo gbágùúdá pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ sá a gbẹ dáadáa, nítorí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Ẹ gbin àgúnmánìyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà: ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí fi ewé rẹ̀ bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn, ó sì wúlò. Ẹ má jẹ́ kí abo màlúù sanra kọjá ààlà kí ó tó bí, ẹ má sì jẹ́ kí ó rù. Kí ọwọ́ yín lè kan eegun ìhà rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ojú má sì rí i láti òkèèrè. Bí ó bá bí tán, ẹ fi oúnjẹ tí ó dára jù lọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, pẹ̀lú omi mímọ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ má fún un gbẹ kí ọmọ rẹ̀ tó mu. Bí ó bá kọ èérí tí ó ń ṣa koríko gbígbẹ, tí èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso, ẹ má wá ẹni tí ó wò ó lójú burúkú. Ẹ wá dókítà ẹran.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí ìyá yín bá rán yín lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà lọ́la, ẹ wo ṣàkì tí ó rọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì rántí iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Bí ẹ bá sì mu wàrà, ẹ rántí pé ẹnìkan ló san owó rẹ̀ kí ó tó dé inú kọ́ọ̀pù. Bí kì í bá ṣe koríko ló san án, ẹ̀yìn ìyá kan ló san án.

Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a léṣinṣin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí Olúwa fi sí abẹ́ òrùlé wa, tí a ń mu wàrà rẹ̀, ọwọ́ tiwa ni bíbọ́ rẹ̀ wà.